Aago Mélòó Ló Yẹ Ká Gun Kẹ̀kẹ́ Nígbà Ọyẹ́ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá?

Bí oṣù Bélú bá ti wọlé tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ ilẹ̀ Ìbàràpá, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe eré ìdárayá máa ń bi ara wọn: aago mélòó ni ká jáde? Ìdájí ni ìdáhùn tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ní ìgbà yẹn ni ara ń tutù, tí ọ̀nà dá, tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀. Èmi kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Ìdájí tó dára lóṣù Òkúdù lè di ewu lóṣù Ṣẹ́rẹ́, àṣà tó ti mọ́ra láti ìgbà òjò ló sì ń jí ẹlòmíràn ní aago márùn-ún nígbà tí kò yẹ kó tíì kúrò lórí ẹní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ń gùn lọ sóko, wọ́n á di iṣu àti gbágùúdá sẹ́yìn rẹ̀ débi pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ẹni tó gùn ún. Ọ̀kadà ti lé e kúrò níbẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló kù lórí rẹ̀, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Èrúwà àti Ìgbò-Ọrà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí dókítà ní kí wọ́n máa ṣe eré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tó fẹ́ kópa nínú ìdíje. Àwọn tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ni kò lè ní kí ọyẹ́ kọjá lọ ná. National Sports Festival ẹlẹ́ẹ̀kejìlélógún, èyí tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbà lálejò, oṣù Èbìbí ọdún 2025 ni wọ́n ṣe é, Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí wa ló sì ti wáyé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun le lóṣù Èbìbí, láti oṣù Ọ̀pẹ ni yóò ti máa kó kìlómítà jọ. Àwọn ará Burkina Faso mọ̀ ọ́n ṣe ní tiwọn: ìparí oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n máa ń fi Tour du Faso sí, ìdíje tó ti wà láti 1987, kí ọyẹ́ tó wọlé tán. Ṣùgbọ́n ìdíje la lè sún síwá sún sẹ́yìn, ìgbaradì kò ṣeé sún.

Oòrùn ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé aago ọwọ́ wa àti oòrùn orí wa kì í bá ara wọn rìn. Aago Nàìjíríà bá oòrùn ibi tó wà ní dígírì 15 ìlà-oòrùn mu, ìyẹn bí ẹnu ààlà Borno àti Chad. Ìgbò-Ọrà wà ní nǹkan bíi dígírì 3.3. Nítorí náà, oòrùn máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 47 pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú, nǹkan bí aago 6:35 àárọ̀ ló ń yọ ní Ìbàràpá, a sì máa wọ̀ ní nǹkan bí 6:26 ìrọ̀lẹ́. Nígbà Kérésìmesì, ó ti di 6:56 kó tó yọ, àti 6:38 kó tó wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ló pin sí, pé tí ọdún tuntun bá ti dé, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni yíyọ oòrùn tún ń pẹ́ sí i títí di ìparí Ṣẹ́rẹ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ Èrèlé, nígbà tí aago 7:05 ti máa ń kọjá kí oòrùn tó yọjú. Ẹni tó bá jáde ní aago 5:30 lóṣù Òkúdù fi wákàtí kan ṣíwájú oòrùn. Ẹni tó bá jáde ní aago kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ Èrèlé fi wákàtí kan ààbọ̀ ṣíwájú rẹ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ló sì ní ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé fi ríran.

Kí ló wà nínú òkùnkùn náà? Ọ̀kadà tí iná iwájú rẹ̀ ti kú tipẹ́, tí ẹni tó gùn ún ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ríran. Ọkọ̀ akẹ́rù tó di èédú tàbí gbágùúdá, tó fẹ́ dé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kí ọjà tó kún. Awakọ̀ tó ti wà lójú ọ̀nà láti òru, tí oorun ń kùn ún. Àwọn onífàyàwọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbé ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ fi ọ̀sán rìn, wọn kì í sì í rọra rìn. Ọkọ̀ tó bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí kùrukùru kò bá jẹ́ kí awakọ̀ náà rí ju mítà 50 lọ, ìṣẹ́jú àáyá méjì kò ní pé kó tó kàn ọ́ lára. Iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ dára, aṣọ tó ń dán nínú iná mọ́tò dára, ó sì yẹ kí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ní wọn. Àmọ́ nínú eruku ọyẹ́, iná mọ́tò fúnra rẹ̀ máa ń lu eruku ni, á sì padà sí awakọ̀ lójú. Níbi tí ọ̀nà Èrúwà sí Ìbàdàn ti gba orí Odò Ògùn kọjá, kùrukùru odò a máa dà pọ̀ mọ́ eruku láàárọ̀, ibẹ̀ sì máa ń burú ju orí òkè lọ. Kì í ṣe lásán ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, fi ń pariwo lọ́dọọdún nípa àwọn oṣù "ember", ìyẹn àwọn oṣù tó gbẹ̀yìn ọdún.

Ká ní a tilẹ̀ dúró de oòrùn, ewu kò tíì tán. Ẹ wo ìdúró ọ̀nà. Láti Èrúwà lọ sí Ìdó àti Ìbàdàn, ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù ni ọ̀nà náà dojú kọ lápapọ̀. Lóṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, ibẹ̀ gan-an ni oòrùn ti ń yọ. Fún bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá yọ, oòrùn pupa inú eruku ló wà lójú gbogbo ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn. Oníkẹ̀kẹ́ lè fi fìlà àti dígí dúdú bójú. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí eruku bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ni kò ní rí i. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í gbọ́ kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá sọ èyí, bẹ́ẹ̀ wọ́n á lo ogún ìṣẹ́jú lórí bí a ṣe ń na ẹsẹ̀. Ọ̀nà Ìgbò-Ọrà sí Abẹ́òkúta kò ní wàhálà yìí púpọ̀ torí pé gúúsù ló kọjú sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìdèrè sí Ayétẹ̀ àti Tápà tó forí lé àríwá.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú wá ńkọ́? Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ kì í ṣe ti ilé wa. Ó ń bọ̀ láti Bodélé, ilẹ̀ gbígbẹ kan ní àríwá Chad tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá láyé ìgbàanì, afẹ́fẹ́ àríwá-ìlà-oòrùn ló sì ń gbé e gba òkè Ọya kọjá wá bá wa. Eruku yẹn kò mọ àárọ̀, kò mọ alẹ́: ọjọ́ tó bá dé, ó dé náà nìyẹn. Èyí tó ń yí padà pẹ̀lú aago ni èéfín tiwa. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù gan-an lóru, afẹ́fẹ́ tútù á dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, èyí tó gbóná díẹ̀ á sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ohun tó bá ń rú nísàlẹ̀ kò ríbi lọ. Èéfín igi ìdáná àárọ̀ wà níbẹ̀, àti ti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, àti eruku tí àwọn ìyá wa ń gbá níwájú ilé kí ilẹ̀ tó mọ́, àti ewé gbígbẹ òun ọ̀rá tí wọ́n dáná sun lẹ́yìn tí wọ́n gbálẹ̀ tán. Nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni oòrùn máa ń gbóná tó láti ṣí ọmọrí yẹn, kí èéfín tó ríbi gbà lọ sókè. Nítorí náà, ẹni tó jáde ní aago mẹ́fà tó sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé afẹ́fẹ́ tó mọ́ lòun ń mí, èéfín àárọ̀ gbogbo àdúgbò ló ń mí.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bíi líta 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń tẹ kẹ̀kẹ́ gun òkè lè mí líta 60 tàbí kó ju 80 lọ, ẹnu ló sì ń fi mí i, kì í ṣe imú tó lè sẹ́ eruku díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2021 fi ìwọ̀n eruku tó kéré jù, èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5, sí maikirogíráàmù 15 nínú mítà kúbíìkì kan láàárín wákàtí 24. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa ń kọjá ìwọ̀n yẹn ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Òtútù náà ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó tutù tó tún gbẹ a máa mú kí ọ̀nà ọ̀fun fún, pàápàá lára ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án jáde ní ìdájí ọyẹ́ rárá, nítorí òtútù àti àìmu omi tó wà lára ohun tó máa ń ta ìrora egungun rẹ̀ jí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ṣe eré tó le, dókítà ló yẹ kó fọwọ́ sí i, aago yòówù kó jẹ́.

Ohun tí mo ń sọ bọ̀ ni pé ìyálẹ̀ta ló dára jù: láti aago mẹ́jọ títí di mẹ́wàá, tàbí mẹ́wàá ààbọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Nígbà yẹn, oòrùn ti gòkè, kò sí lójú awakọ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kó ọmọ ilé ìwé mẹ́ta mẹ́ta ti já wọn sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti dé oko. Èéfín ti ń fò lọ. Ara kò sì tíì gbóná. Ohun kan péré ló burú nípa rẹ̀: afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń jí pẹ̀lú oòrùn ni, nígbà tó bá sì fi máa di aago mẹ́sàn-án, ó ti ń fẹ́ dáadáa láti àríwá àti àríwá-ìlà-oòrùn. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Kí ẹni tó ń gbé Ìgbò-Ọrà kọ́kọ́ kọjú sí Èrúwà tàbí Ìdèrè nígbà tí agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wá tì í bọ̀ wálé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, inú rẹ̀ á dùn ní àlọ, ojú rẹ̀ á pọ́n ní àbọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló lè wà lórí kẹ̀kẹ́ ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Olùkọ́ wà ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbi ẹ̀kọ́, oníṣòwò ti ṣí ìsọ̀. Òótọ́ nìyẹn, òun ló sì mú kí ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ wọlé.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀sán kíákíá, torí pé àwọn kan ń rí i kà nínú ìwé òyìnbó pé ọ̀sán gangan ló dára jù fún kẹ̀kẹ́ nígbà òtútù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òótọ́ ni. Lóṣù Ọ̀pẹ, oòrùn wọn kì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í sì í lù kó tó wọ̀, yìnyín sì lè wà lójú títì títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham níbẹ̀ lè tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn láìbẹ̀rù. Ní Ìbàràpá, aago kan ọ̀sán ni oòrùn wà lórí wa gan-an, ìgbóná ọ̀sán Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé sì lè tó dígírì 34 tàbí 35. Ọyẹ́ tún máa ń tan ènìyàn jẹ, torí òógùn ń gbẹ lára kí a tó rí i, a ó rò pé a kò làágùn, bẹ́ẹ̀ omi ti tán lára. Ọ̀sán náà sì ni àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ń dáná sun ìgbẹ́, nígbà tí koríko ti gbẹ tó láti jó. Mo rò pé ẹni tó bá ti gba àárín èéfín igbó tó ń jó kọjá rí lórí ọ̀kadà kò ní fẹ́ gba ibẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́rọ̀ ló kù fún òṣìṣẹ́: aago mẹ́rin sí nǹkan bíi 5:45. Afẹ́fẹ́ kì í sábà tún tutù mọ́lẹ̀ di èéfín mú títí oòrùn fi wọ̀. Egungun àti iṣan ti gbóná láti àárọ̀. Kì í ṣe ìgbà tó burú, àmọ́ ó ní òpin tó mú bí abẹ, ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún. Láti bí aago márùn-ún ààbọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà, igi ìdáná tàbí àpò gbágùúdá á yọ sọ́tùn-ún sósì, á gba ààbọ̀ ọ̀nà. Àwọn darandaran náà ń kó màlúù wọn padà sí gáà. Màlúù kò mọ agogo kẹ̀kẹ́. Lóṣù Bélú, ilẹ̀ máa ń ṣú kí aago méje tó lù, nítorí náà ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní aago márùn-ún kò ní àkókò ju wákàtí kan lọ. Kí kẹ̀kẹ́ ti wà nílé ní ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó wọ̀ ni òfin tí mo mọ̀. Ẹ̀bùn kékeré kan wà nínú rẹ̀: ní ìparí Èrèlé, oòrùn kì í wọ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí aago méje lù, tí ìrọ̀lẹ́ á sì gùn díẹ̀ ju ti Bélú lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fò dá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu Ìgàngán ní oṣù Òkúdù ọdún 2021, tí ẹ̀mí ṣòfò tí wọ́n sì dáná sun ilé àti ààfin, kò sí ará Ìbàràpá tó ń fojú kékeré wo ọ̀nà àdádó. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ní Ìbàdàn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020 wà níta, àwọn ọdẹ wà níta, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè dúró sí gbogbo kọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó dá, tí àwọn tó ń jáde ní ìdájí ń yìn, òun gan-an ni mo kà sí àléébù ìdájí. Ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn níwọ̀nba, tí ọkọ̀ kò sì ya bo, ni à ń wá. Ìyálẹ̀ta ló sì sábà máa ń fún wa ní méjèèjì pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan lọ kọjá Tápà. Kí ẹ jẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ gbà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, torí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀nà kan bá gbóná.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìṣirò mìíràn. Láti ọdún 2025 títí di 2030, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni Ramadan ń bọ́ sí, ṣe ló sì ń wọnú ọyẹ́ lọ lọ́dọọdún: oṣù Èrèlé ló bẹ̀rẹ̀ ní 2026, ìparí Ṣẹ́rẹ́ ni yóò jẹ́ ní 2028. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí ìṣínu bá kù díẹ̀, kó lè mu omi ní kété tó bá sọ̀. Ìgbà náà ni àwọn yòókù ń sáré lọ sílé nítorí ìṣínu kan náà, tí ebi ń pa awakọ̀, tí oùngbẹ ń gbẹ ọlọ́kadà. Ní tèmi, kí ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò lójú títì pátápátá ní oṣù yẹn, kó máa yí pápá ilé ìwé po. Kò dùn tó ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò níbẹ̀.

Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ ọjà, àárọ̀ kì í rọrùn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láti aago mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò òde ìnáwó máa ń sáré, kẹ́ ẹ tètè wọlé. Ọjọ́ Àìkú ló tù jù fún ìrìn gígùn, bí ìsìn kò bá dí yín lọ́wọ́.

Bí a bá sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ aago tán, ojú ló ni ìdájọ́. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ wo òpó iná lẹ́bàá títì. Bí ẹ kò bá lè rí òpó kẹwàá kedere, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ padà sínú ilé, ì báà jẹ́ aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, bá kéde pé eruku líle ń bọ̀, tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń dá ìrìn dúró, kò sí wákàtí kankan lọ́jọ́ náà tó yẹ kí ènìyàn fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣeré. Ìsinmi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kò ba ìgbaradì ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní Èrúwà, Láńlátẹ̀ àti Ìgbò-Ọrà ni pé kí wọ́n yí aago ìpàdé padà láti ìbẹ̀rẹ̀ Bélú títí di ìparí Èrèlé: aago mẹ́jọ lópin ọ̀sẹ̀, aago mẹ́rin lọ́jọ́ iṣẹ́. Kí àwọn ọ̀gá ilé ìwé gbà kí ọmọ tó ń gbaradì fún ìdíje kúrò ní kíláàsì ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàràpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni mo gbé ẹ̀bẹ̀ mi tó kẹ́yìn lọ bá: ìgbésẹ̀ kan ni oníkẹ̀kẹ́ nílò láti yà fún ọkọ̀ tó ń bọ̀, ibi tí ó fẹ́ yà sí sì ti di igbó. Ẹ bá wa gé koríko etí ọ̀nà kí oṣù Ọ̀pẹ tó dé.